Gígun òkè Shirley Heights ní Antigua láti wo oòrùn tó ń wọ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gun òkè yìí, ẹ̀yìn oòrùn ni mo bá. Ó ti wọ̀ kí n tó débẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ lọ, nínú Oṣù Kìíní, ìṣirò Èkó la sì gbé lọ sí Kàríbíà. L'Ékòó, ní àkókò yẹn nínú ọdún, oòrùn kì í wọ̀ títí aago 6:45 ìrọ̀lẹ́ fi ń kọjá. Ní Antigua, kó tó lu aago 6:00, ó ti lọ sùn. A bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti etíkun ní aago 5:25, a ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé, "Àbúrò, ṣé ó dá ẹ lójú pé ọ̀nà nìyí?" Nígbà tí a fi máa yọ sí góńgó, àwọn tó ti wà níbẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ń palẹ̀ kámẹ́rà wọn mọ́.

A tún padà lọ. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo kọ síbí, fún ẹni tó bá ní ìrìnàjò ibẹ̀ lọ́kàn.

Shirley Heights wà ní gúúsù erékùṣù Antigua, lókè English Harbour gan-an. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí 150 mítà lọ láti ojú òkun. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn Ìdànrè tán rí kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Thomas Shirley, ẹni tó jẹ́ gómìnà àwọn erékùṣù Leeward fún Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1781, ni wọ́n sọ òkè náà ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n mọ odi àti ilé àwọn ṣọ́jà síbẹ̀ láti ṣọ́ èbúté tó wà nísàlẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ti ń tún ara ṣe. Ilé ìṣọ́ àtijọ́ kan lára àwọn ilé náà ti di ilé oúnjẹ báyìí, òun ni wọ́n ń pè ní Lookout. Ibẹ̀ là ń lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ aago oòrùn, kí ẹ wá kà á sẹ́yìn

Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ. Ní Antigua, láti ìparí Oṣù Kẹfà dé ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Keje ni oòrùn ń pẹ́ wọ̀ jù, nǹkan bí aago 6:45. Ní ìparí Oṣù Kọkànlá, nǹkan bí aago 5:30 ló ti ń wọ̀. Àwọn oṣù yòókù bọ́ sí àárín méjèèjì. Ẹ wo aago ọjọ́ náà gan-an lórí fóònù yín ní àárọ̀, kí ẹ má ṣe fojú díwọ̀n.

Ó yá, ẹ kà á sẹ́yìn báyìí. Ká ní aago 5:50 ni oòrùn máa wọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ti jókòó lórí òkè ní aago 5:10, torí pé ogójì ìṣẹ́jú tó ṣáájú wíwọ̀ gan-an ni èbúté ń pọ́n bí epo, kì í ṣe ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn nìkan. Ọ̀nà òkè tó kúrú jù gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mímu omi àti yíya fọ́tò lé e. Ó di pé kí ẹ ti wà ní etíkun Galleon, níbi tí ọ̀nà òkè ti bẹ̀rẹ̀, ní aago 4:10. Tó bá jẹ́ ọ̀nà gígùn lẹ fẹ́ gbà, ẹ ti wà níbẹ̀ ní aago 3:25.

Ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé London tó ti mọ ìrọ̀lẹ́ ìgbà ooru tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú, kó yọ ọkàn kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn tí oòrùn bá ti rì, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ ni ẹ ní kí ẹ má rí ẹsẹ̀ yín mọ́, bí ó ṣe rí nílé gẹ́lẹ́.

Ọjọ́ wo ni kí ẹ lọ?

Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ, nítorí àríyá. Láti nǹkan bí aago 4:00 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń lu steelpan, ìyẹn àwọn ìlù irin tí wọ́n ń fi dùrọ́ọ̀mù epo ṣe, tó bá sì di alẹ́, orin rẹ́gẹ̀ á gbà á. Ẹran ń yan lórí iná, ọtí rọ́ọ̀mù ń ṣàn. Ẹ máa san owó ìwọlé lọ́jọ́ náà. Ó dùn, n kò ní purọ́, àmọ́ èrò á pọ̀ débi pé ẹ̀yìn orí ẹlòmíràn ni ẹ óò máa gbà wo oòrùn àyàfi tí ẹ bá tètè dé. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ létí, kó lọ ní ọjọ́ iṣẹ́. Ní tèmi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a padà lọ ni mo fẹ́ràn jù. Ènìyàn tí a bá níbẹ̀ kò tó ogún.

Ní ti oṣù, Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹrin ni ilẹ̀ ń gbẹ jù, ìgbà náà sì ni àlejò ń pọ̀. Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kọkànlá jẹ́ àsìkò ìjì líle ní Kàríbíà, òjò sì lè sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀ bí ilá. Ohun kan tún wà tó ya mí lẹ́nu. Nínú Oṣù Kẹfà àti Ìkeje, afẹ́fẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà sọdá Òkun Àtìláńtíìkì títí dé ibẹ̀. Eruku Sàhárà tó ń mú ètè wa bó lákòókò ọyẹ́ náà ni! Lọ́jọ́ tí eruku bá bo ojú sánmà, ẹ kò ní rí ọ̀nà jíjìn. Oòrùn náà á kàn dà bí àwo pupa tó ń rì sínú èéfín. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó dání

Omi lítà kan fún ẹnì kan, ó kéré jù. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń tà á lójú ọ̀nà òkè, àfi tí ẹ bá dé góńgó. Bàtà tó ní èékánná nísàlẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì etíkun. Mo rí ọmọkùnrin kan tó fi sílípáàsì gòkè, nígbà tó ń bọ̀ nílẹ̀, ọwọ́ ló fi mú un dání. Ṣòkòtò gígùn dára nítorí ẹ̀gún. Òróró tó ń lé ẹ̀fọn, ẹ fi ra ara yín kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Tọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe iná fóònù. Ní ìrìnàjò wa àkọ́kọ́, fídíò tí mo ń ya kiri ti mu bátìrì mi ku ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí a fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ìdajì ọ̀nà ni a dé tó fi kú. Mo na ọwọ́ láti di ohun kan mú nínú òkùnkùn, ewé agave ni ọwọ́ mi bà. Igi yẹn jọ ọ̀pẹ òyìnbó tó di òmìrán, orí ewé kọ̀ọ̀kan sì ní abẹ́rẹ́ tó gùn tó ìka ọmọdé. Dagger log ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì ni òdòdó orílẹ̀-èdè wọn. Àtẹ́lẹwọ́ mi fi ọjọ́ mẹ́ta rántí orúkọ náà. Tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mọ́ orí ló dára jù, kí ọwọ́ méjèèjì lè wà lófìfo.

Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Dọ́là East Caribbean ni wọ́n ń ná, 2.70 rẹ̀ sì ni dọ́là Amẹ́ríkà kan. Wọ́n ń gba dọ́là Amẹ́ríkà náà káàkiri, ṣùgbọ́n owó tiwọn ni wọ́n sábà máa fi ṣe ṣéńjì fún yín.

Kí n tó gbàgbé: ẹ má wọ aṣọ alámì ṣọ́jà, ìbáà ṣe fìlà, ìbáà ṣe báàgì. Òfin Antigua kò gba ẹni tí kì í ṣe ṣọ́jà láyè láti wọ̀ ọ́, ti ọmọdé pàápàá. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹrù yín láti ilé.

Bí ẹ ṣe máa dé English Harbour

Láti St. John's tó jẹ́ olú ìlú, ẹ lọ sí ibùdókọ̀ West Bus Station tó wà nítòsí ọjà. Bọ́ọ̀sì nọ́mbà 17 ló ń lọ sí English Harbour. Bọ́ọ̀sì kékeré ni, ó jọ dánfó wa, ìwà wọn sì jọra: ó dìgbà tó bá kún kó tó gbéra. Ẹ kí àwọn èrò inú ọkọ̀ kí ẹ tó jókòó. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré níbẹ̀. Ẹni tó bá wọlé tí kò kí ènìyàn, tàbí tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀nà láìkí ẹni tó fẹ́ bi, wọ́n á wò ó bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé. Ẹ̀gbọ́n mi kí màmá àgbà kan dáadáa, màmá náà kò sì jẹ́ kí a sọ̀ níbi tí kò yẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló pariwo sí dírẹ́bà pé kó dúró.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bọ́ọ̀sì ń wọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú, lọ́jọ́ Àìkú sì rèé, kò pọ̀ rárá. Ẹ lè fi í lọ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e fún bíbọ̀. Takisí wọn kì í ní mítà, ìjọba ló là iye owó tó yẹ fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ béèrè iye kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì béèrè bóyá orí ènìyàn kan ni àbí gbogbo ọkọ̀, bóyá dọ́là tiwọn ni àbí ti Amẹ́ríkà. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni èmi kò bi awakọ̀ kan. Mo gbọ́ "dọ́là," inú mi dùn pé ó pọ́ọ́kú, àṣé dọ́là Amẹ́ríkà ló ń sọ, owó sì di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ lójijì.

Ẹ kọ́kọ́ yà sí Nelson's Dockyard, ibi àtijọ́ tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ogun ojú omi ṣe, tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí nítòsí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà ìjọba níbẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀, torí agbègbè Shirley Heights wà lára ibi tó kàn. Tí ẹ bá ní wákàtí kan, ẹ rìn yíká. Ọdún 2016 ni UNESCO fi ibẹ̀ sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Orúkọ Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàárín 1784 sí 1787, ni wọ́n fi pè é, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló fi ọwọ́ wọn ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1725. N kò lè rìn lórí òkúta wọ̀nyẹn kí n máà wo ẹsẹ̀ mi.

Láti Dockyard, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ń gbé ènìyàn sọdá sí etíkun Galleon ní òdìkejì, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Tí kò bá sí, títì ló kù, ó sì máa gbà tó ogójì ìṣẹ́jú láti rìn yí èbúté ká. Ẹ ka ìyẹn mọ́ aago yín.

Ọ̀nà méjì, kí ẹ mú ọ̀kan

Kí ẹ tó gòkè, ẹ wo àwọn igi etíkun dáadáa. Igi kan wà tí wọ́n ń pè ní manchineel. Ó ní òjìji tó tutù, èso rẹ̀ dà bí ápù kékeré aláwọ̀ ewé, ó tilẹ̀ ń rùn dáadáa. Májèlé ni látòkè délẹ̀. Oje rẹ̀ funfun bíi wàrà, ó ń bó ara bí omi gbígbóná. Ẹ má jẹ èso rẹ̀, ẹ má fara ti í, pàápàá jù lọ ẹ má sá sábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò, torí omi tó ń kán láti ara ewé rẹ̀ tó láti lé ara sókè. Wọ́n sábà ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara rẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé pátákó síbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni Lookout Trail. Ẹ̀yìn etíkun Galleon ló ti bẹ̀rẹ̀, pátákó wà níbẹ̀. Inú igbó gbígbẹ ló gbà gòkè tààrà, igi sì ń ṣíji bo ènìyàn lọ́pọ̀ ibi. Ó ga díẹ̀, òkúta àti gbòǹgbò pọ̀ lójú ọ̀nà. Tí ẹ bá rí ewúrẹ́, ẹ má dá a lóhùn, òun ló ni ibẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó máa rìn gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kó máa dúró. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pá igi kan rọ gòkè nígbà kejì, a sì débẹ̀ láàárín ogójì ìṣẹ́jú.

Ọ̀nà kejì ni Carpenter's Trail. Òun gba etí òkun lọ sí ìhà ẹnu èbúté, níbi tí ẹ óò ti rí àwọn òpó òkúta tí omi òkun gbẹ́ sára àpáta, tí wọ́n ń pè ní Pillars of Hercules, lẹ́yìn náà ó gun etí ọ̀gbun, ó sì tọ ẹ̀yìn òkè lọ dé Lookout. Ẹ fi wákàtí kan sí wákàtí kan àtààbọ̀ sílẹ̀ fún un. Mo gbà pé òun ló lẹ́wà jù, òkun ń hó lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, afẹ́fẹ́ ń gbá fìlà. Ṣùgbọ́n kò sí òjìji, ẹ̀gún kátọ́ọ̀sì wà káàkiri, etí ọ̀gbun náà kò sì ní ohun tí ènìyàn lè dì mú. Ẹ má gbà á pẹ̀lú ọmọ kékeré, ẹ má gbà á lẹ́yìn òjò, ẹ má ronú rẹ̀ rárá lálẹ́.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀

Ara ògiri òkúta tó dojú kọ èbúté ni ibi ìjókòó tó dára jù. Lábẹ́ yín, English Harbour ká kò bí ìkọ́, ọkọ̀ aláṣọ funfun kún inú rẹ̀, Falmouth Harbour sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yí ojú sí ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn: tí sánmà bá mọ́, erékùṣù tó yọ láàárín òkun ní nǹkan bí 50 kìlómítà ni Montserrat. Òkè tó ń yọ iná lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú ní ọdún 1995, ó sì bo Plymouth, olú ìlú wọn, mọ́lẹ̀. Ní ìhà gúúsù, Guadeloupe máa ń hàn nígbà mìíràn.

Oòrùn kì í wọ̀ sí ojú kan náà láàárín ọdún, ọ̀pọ̀ kì í sì rò ó. Nínú Oṣù Kejìlá àti Ìkíní, apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ń rì sí, sórí òkun, kò jìnnà sí Montserrat. Nínú Oṣù Kẹfà, ó ti sún sí àríwá, ẹ̀yìn àwọn òkè ilẹ̀ Antigua fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀ sí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rí i kó kan omi, Oṣù Kejìlá tàbí Ìkíní ni kó lọ.

Bí ó bá kan omi, tí ojú òkun sì mọ́ kedere, ẹ lè rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé kan tó kọ yẹ̀rì lórí etí oòrùn bó ṣe ń rì tán. Kì í ṣe àlá. Afẹ́fẹ́ ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ kọrọdọ, tó ń ya àwọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, tí àwọ̀ ewé fi ń wà lára èyí tó ń kẹ́yìn. Ẹ má tẹjú mọ́ oòrùn títí tó fi máa ku bín-ín-tín, kó má ba ojú jẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ní òun rí i. Èmi ń tún fóònù ṣe, n kò rí nǹkankan.

Tí ẹ bá rí àwọn bàbá tó ń ta ayò nílùú kí ẹ tó gòkè tàbí lọ́jọ́ kejì, ẹ dúró. Warri ni wọ́n ń pè é, ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, bí ti ọpọ́n wa gẹ́lẹ́. Oúnjẹ wọn náà kò ṣàjèjì: fungee jẹ́ ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò pọ̀ mọ́ ilá, ducana sì jẹ́ ọ̀dùnkún àti àgbọn rírin tí wọ́n fi ewé pọ́n bí mọ́ínmọ́ín, tí wọ́n sì sè.

Bíbọ̀ nílẹ̀

Ọ̀nà igbó fún lílọ, títì fún bíbọ̀. Títì ọlọ́dà wà láti Lookout títí dé ìsàlẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn àwókù ilé ṣọ́jà kọjá. Ibi ìsìnkú àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀ pẹ̀lú òpó ìrántí ẹgbẹ́ ogun 54th. Àrùn ló pa púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́jà tó wà lórí òkè náà, kì í ṣe ìbọn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀, ẹ sì rántí pé apá òsì ni mọ́tò ń gbà níbẹ̀, nítorí náà apá ọ̀tún ni kí ẹ rìn kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ ti bá awakọ̀ takisí sọ ọ́ láti ọ̀sán pé kó wá gbé yín ní Lookout, kí ẹ dá aago fún un, kí ẹ sì gba nọ́mbà rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ̀ máa ń wà níbẹ̀ tó ń retí èrò, àmọ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ ẹ lè dúró títí. Awakọ̀ tí a bá ṣàdéhùn nígbà kejì dé ní aago 6:30 gẹ́lẹ́. Ó bá ẹ̀gbọ́n mi lórí ògiri òkúta, ọ̀pá igi rẹ̀ lórí itan, tí kò tíì fẹ́ dìde.